Ìwé Àgbàṣe àti Igbó Ìjọba

Ní Iyah-Gbẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Kogi, "kọngílá" ni wọ́n ń pe ẹni tó wá la ọ̀nà. Agbaṣẹ́ṣe tí àwọn oníròyìn ń pè é ló là á yé ni jù: ẹni tó gba iṣẹ́ ṣe. Bó bá gbà á, ẹnìkan ló gbé e fún un. Bí ẹ bá rí katapílà létí igbó, ẹ má bá awakọ̀ rẹ̀ jà. Ẹ wádìí ẹni tó gbéṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀.

*

Bàbá kan tó ní oko kajú létí igbó ìjọba fi kùkùté igi apá hàn mí. Èèyàn mẹ́rin lè jókòó jẹun lórí rẹ̀.

"Bàbá, ta ló gé e?"

"Ọ̀nà ló gé e, ọmọ mi."

"Ta ló wá kó gẹdú rẹ̀ lọ?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Nínú ìwé àgbàṣe tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ ọ̀nà jáde, "igbó ṣíṣán" ni wọ́n sábà máa ń kọ, wọ́n á sì fi ìwọ̀n ilẹ̀ dá owó lé e. Ìrókò àti koríko di ọ̀kan náà níbẹ̀. Bí ìwé kò bá sọ ẹni tó ni gẹdú, ẹni tó ní lọ́rí ló ni ín.

*

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, owó ohun tó wà lórí rẹ̀ ni olóko ń bèèrè: kajú, kọfí, ilé. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju owó ilẹ̀ tó san lọ́dún náà lọ. Ẹ tètè ka igi yín. Igi tó ti wó kì í jẹ́rìí.

*

Níbi tí wọ́n ti wa yàǹgí tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà, omi pupa ló kù. Ọmọkùnrin kan ń fọ ọ̀kadà níbẹ̀. Kó tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, omi ti dé orúnkún rẹ̀. Bèbè kòtò ń já díẹ̀díẹ̀, ó ń jẹ oko lọ.

Wíwa yàǹgí ní owó tirẹ̀ nínú ìwé àgbàṣe. Dídí kòtò gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ pẹ̀lú, torí ohun tí a kò kọ owó sí, agbaṣẹ́ṣe kì í ṣe é. Ẹni tó gbéṣẹ́ jáde a máa dá díẹ̀ dúró nínú owó, ọdún kan lọ́pọ̀ ìgbà, kí àbùkù iṣẹ́ lè fara hàn. Kí wọ́n wo kòtò náà kí owó yẹn tó jáde.

*

Ọ̀nà Obajana sí Kabba, 43 kìlómítà, kọnkéré ni. Ilé iṣẹ́ Dangote ló ṣe é, wọ́n sì gbà kó yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó orí tó yẹ kó san fún ìjọba. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò ná wa ní nǹkan kan, owó orí tí kò wọlé ńkọ́? Owó ìlú ni, ó sì yẹ ká bèèrè ìwé tirẹ̀ náà.

*

Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Cross River kéde pé òun gba ilẹ̀ kìlómítà 10 lápá ọ̀tún, 10 lápá òsì, nítorí òpópónà oní-260 kìlómítà tí wọ́n fẹ́ là. Ọ̀nà wo ló fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ará Ekuri, tí igbó wọn wà níbẹ̀, figbe ta. Ní 2017, ìjọba wọ́gi lé ìkéde náà.

*

Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 gbà kí ẹnikẹ́ni bèèrè ìwé àgbàṣe lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Bó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ wá nǹkan mẹ́ta nínú rẹ̀: ta ló ni gẹdú, ta ni yóò dí kòtò, èló ni wọ́n dá dúró. Ẹ kọ lẹ́tà ìbéèrè yín nígbà tí igi apá ṣì wà lóòró.