Ẹja Inú Òtútù

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹja kì í jẹun nígbà òtútù, ẹ má dá a lóhùn. Ó ń jẹun o, kì í kàn sáré lé oúnjẹ ni. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ, ní ìpínlẹ̀ Texas nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù kìíní ọdún 2023.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí bàbá mi rìnrìn àjò. Mo ti pé ogún ọdún kí n tó tún fojú kàn wọ́n. Owó ń wọlé, wọ́n ń pè wá ní gbogbo Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ò wá. Kódà nígbà tí a sin ìyá wọn, àwọn tí wọ́n jẹ́ àkọ́bí, wọn ò wá. Àwọn ẹbí sọ̀rọ̀ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tí mo wá dé Dallas fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò mọ ohun tí a lè bá ara wa sọ. "Ṣé o ti jẹun?" "Mo ti jẹun, sà." Ó parí.

Lọ́jọ́ tí wọn ò lọ síbi iṣẹ́, wọ́n gbé mi lọ sí Lake Fork, adágún ńlá kan tó tó ìrìn wákàtí kan àbọ̀ sí Dallas. Ẹja báàsì ni wọ́n ń dẹ níbẹ̀. Ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ìkòkò. Níbẹ̀ ni ọkùnrin kan ti fa báàsì tó wọ̀n tó pọ́n-ùn 18.18 jáde ní 1992, tó gba ipò kìíní ní gbogbo Texas. Oṣù kìíní ni o, nínú òtútù! Ẹja mìíràn tó kéré ni ó tilẹ̀ ń wá.

Ọkọ̀ ojú omi ọ̀rẹ́ wọn kan la yá. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ sọ pé omi tutù dé ìwọ̀n 8 Celsius. Ìka mi gan. Dádì so ìwọ̀ tí òjé wà lórí rẹ̀ mọ́ okùn, wọ́n jẹ́ kó rì dé ìsàlẹ̀, wọ́n wá ń fà á bí ìgbín. Wọ́n fà á, wọ́n dúró. Wọ́n dúró títí tí mo fi rò pé wọ́n ti sùn.

"Ẹja ò ní iná nínú ara bíi tiwa," wọ́n ní. "Bí omi bá ṣe tutù tó lòun náà ṣe máa tutù tó. Oúnjẹ àná kò tíì dà níkùn rẹ̀. Ìwọ lo máa gbé oúnjẹ dé ẹnu rẹ̀, kí o sì dúró dè é."

Okùn ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ojú mi, ni mo bá rí ẹnu sọ ọ́: "Dádì, kí ló dé tí ẹ ò wá sin Ìyá Àgbà?"

Wọn ò dáhùn. Ó pẹ́. Ó ṣe mí bíi kí n tún un bi, mo panu mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní ìwé àwọn ò tíì jáde nígbà yẹn. Bí àwọn bá kúrò, àwọn ò ní lè wọlé mọ́, owó ilé ìwé wa á sì dúró. Wọ́n ní lóru ọjọ́ ìsìnkú náà, ibi iṣẹ́ làwọn wà, àwọn ń wẹ̀ fún ìyá arúgbó òyìnbó kan.

Okùn náà le lẹ́ẹ̀kan náà. Báàsì jáde, ínṣì 19. Èmi ti ń fojú inú wo ọbẹ̀. Dádì rẹ́rìn-ín: òfin Lake Fork ni pé èyí tó bá wà láàárín ínṣì 16 sí 24, kí a dá a padà. Wọ́n rọra gbé e sómi. Ó dúró díẹ̀, ó jùrù, ó lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí bàbá tàbí ìyá yín wà lókè òkun, n ò ní kí ẹ má bínú. Èmi náà bínú. Mo kàn ní kí ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì dúró. Tí Dádì bá pè ní Sọ́ńdè báyìí, tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu wọn, n kì í tètè sọ pé ó dàbọ̀.