Kòkòrò Inú Obì: Ọ̀rọ̀ Táǹkì Epo àti Ìpẹtà ní Tamale

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Bí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ ènìyàn mu, bẹ́ẹ̀ ni ó bá ọ̀rọ̀ irin mu. Ẹni tí ó bá ti ní ọkọ̀ Land Rover àtijọ́ rí yóò jẹ́rìí sí i. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ náà jáde ní ọdún 1948, Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí pẹ́. Irin ṣọ̀wọ́n, ìjọba ni ó ń pín in fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù pọ̀ nílẹ̀, nítorí pé wọn kò fi kan ọkọ̀ òfuurufú ogun mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ara ọkọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ a máa ta awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lé alumíníọ̀mù lórí, awọ náà a sì máa dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n ṣáásì tí í ṣe egungun ọkọ̀ náà, irin ni. Táǹkì epo rẹ̀, irin ni. Nítorí náà, ọkọ̀ náà lè dúró lójú títì bí ọ̀dọ́, kí egungun rẹ̀ sì ti máa jẹrà lábẹ́lẹ̀.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan wà ní Tamale, olú ìlú ẹkùn Àríwá ilẹ̀ Gáná. Píkọ́ọ̀pù Series III ni, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1971 sí 1985. Obìnrin oníṣòwò kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Hajia ni ó ni ín. Iṣu ni ó fi ń kó láti àwọn abúlé tí ó wà lójú ọ̀nà Yendi wá sí ọjà Aboabo. Tamale ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìgbẹ́tì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde ní Gáná láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀pọ̀ Yorùbá oníṣòwò ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ sílé. Àwọn òbí Hajia wà lára wọn, òun náà sì jẹ́ ọmọ kékeré lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó padà wá. Píkọ́ọ̀pù yìí ni ohun ńlá àkọ́kọ́ tí ó fi owó ara rẹ̀ rà ní ìlú tí wọ́n ti lé àwọn òbí rẹ̀ jáde. Bí ó bá dúró, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni yóò máa háyà, èrè iṣu a sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Òórùn ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nínú irú píkọ́ọ̀pù yìí, abẹ́ ìjókòó iwájú ni táǹkì epo wà. Ti Hajia sì ní méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, ìkọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí lítà 45. Orí epo gan-an ni awakọ̀ àti ẹni tí ó bá jókòó tì í gúnwà sí. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, òórùn bẹntiróòlù gba inú ọkọ̀ kan. Láìpẹ́, ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń gbé e sí tutù lápá ọ̀tún. Awakọ̀ fi ọṣẹ lílé dí ojú ibẹ̀, ìjíjò náà sì dúró. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ọgbọ́n òpè: bẹntiróòlù kì í tètè yọ́ ọṣẹ, ó sì lè gbé ènìyàn láti inú igbó dé ìlú. Ṣùgbọ́n omi ń yọ́ ọṣẹ, ìgbà òjò ni wọ́n sì wà. Ọgbọ́n ojú ọ̀nà ni, kì í ṣe ọgbọ́n ilé.

Hajia gbé ọkọ̀ lọ bá ajórin kan tí ó máa ń tún un ṣe. Ọmọ Dagomba ni. Èdè Hausa ni àwọn méjèèjì jọ ń sọ. Ohun tí Hajia fẹ́ kò ju pé kí ó jó páànù kékeré lé ojú ihò náà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé iṣu ń dúró dè é lóko. Ajórin náà ju iná rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, “Hajia, ẹ má bínú. Iná kò mọ oníbàárà.” Hajia ní kí ó fa epo náà jáde kí táǹkì ṣófo. Ó dáhùn pé èyí tí ó ṣófo ni òun ń bẹ̀rù jù.

Òótọ́ ni ó sọ. Kì í ṣe epo tó wà ní omi ni iná ń mú. Ooru tí ń jáde lára rẹ̀, tí ó bá pàdé afẹ́fẹ́, ni ó ń gbiná. Táǹkì tí ó kún dẹ́nu kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa epo inú rẹ̀ jáde kún fún ooru yìí, ó sì lè bú gbàmù bí ẹ̀tàpá iná kan bá kàn án. Ooru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ó máa ń rá mọ́lẹ̀, a lúgọ sí kọ̀rọ̀ àti ojú ìránpọ̀ irin. Ọ̀pọ̀ ajórin ni ó ti bá irú èyí lọ.

Nítorí náà, wọ́n tú u. Wọ́n ti ọkọ̀ sí gbangba, wọ́n yọ okùn bátìrì kúrò kí iná mànàmáná má baà ta, wọ́n sì fa epo sínú garawa tí ó ní ìdérí. Àwọn bóòtù kọ̀ láti yí, àfi ìgbà tí wọ́n ta òróró sí wọn lára tí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí táǹkì bọ́ sílẹ̀, àṣírí tú. Erùpẹ̀ tí táyà ń ta sókè ti di ìrọ̀rí lé e lórí. Ajórin fi ẹnu súkúrúdíráfà tẹ ibi kan, ó wọlé bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gún ògì. Lójú ihò kan tí wọ́n ń bá jà, irin tí ó yí i ká kò nípọn mọ́ ju ewé lọ. Páànù tuntun kò ní rí ibi tí yóò dì mú.

Hajia gbà pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n táǹkì òsì kò jò, kí ni ó kan tìyẹn? Ajórin kò bá a jiyàn. Ó fi òòlù kékeré lé e lọ́wọ́, ó ní, “Hajia, ẹ fúnra yín gbọ́ ọ.” Hajia kan irin tí ó dá, ó dún gooro. Ó kan ìdí táǹkì òsì, ó dún pọ̀ọ̀, bí ìgbà tí a lu àpótí tó kún fún ẹ̀gbọn òwú. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Owó táǹkì méjì ni owó iṣu ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àkókò náà sì ni ọjà ń tà. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n wá méjì. Wọ́n ránṣẹ́ sí Suame Magazine ní Kumasi, ìlú àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ nínú ìlú, níbi tí a ti ń rí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ẹlòmíràn rò pé kò sí láyé mọ́.

Bí wọ́n ti ń dúró de táǹkì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu gbogbo wọn: ìpẹtà. Yorùbá ní irin dípẹtà, tàbí pé ó dógùn-ún. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lo ìpáàrà. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí a sì máa ń lò fún iṣẹ́ ọwọ́ ìpẹtà ni “jẹ”: ìpẹtà jẹ irin. Èdè kò parọ́, nítorí pé irin ń tán lóòótọ́. Síbẹ̀, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ju jíjẹ lọ. Irin ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ àti omi dà pọ̀ ni, ohun tí ó sì bí wú ju irin náà fúnra rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí bóòtù fi há, tí páànù méjì tí a rán pọ̀ fi ń lanu. Ohun tí ó ń wú tún ń tán.

Ojú ọjọ́ Tamale ń ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ lọ́nà tí ó ṣòroó fura sí. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọdún, ọyẹ́ a sì máa mú gan-an. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, ìpẹtà sùn. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ṣáásì. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, eruku náà a di ẹrẹ̀, a máa mu omi, a sì máa fi omi náà pa irin lára fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn tí òde ti gbẹ. Bákan náà ni táǹkì tí kò kún: ní ìgbà òjò, ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù sínú, bí òru bá mú òtútù wá, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà a di omi, a sì rì sí ìsàlẹ̀ epo. Láti inú ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Òòlù kan náà ni ajórin fi wádìí ṣáásì. Ibi tí ó dún gooro, ó fi sílẹ̀. Ibi tí ó dún pọ̀ọ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ó gé apá irin méjì tí ó ti jẹrà kúrò, ó jó tuntun mọ́ wọn kí táǹkì tuntun tó dé ilé. Ibi tí ìpẹtà kò tíì jìn, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí irin fi yọjú, ó fi ásíìdì fọ́sífọ́ríkì pa èyí tí ó kù sí kọ̀rọ̀, èyí tí ń sọ ìpẹtà di ohun dúdú tí ó lẹ̀ mọ́ irin pinpin. Nígbà tí ó gbẹ, ó kun ọ̀dà pupa tí ń dènà ìpẹtà, kí ó tó kun dúdú lé e. Inú ṣáásì tí ọwọ́ kò lè dé, ó da ọ́ìlì sí i, ó sì la àwọn ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti dí, kí omi tí ó bá wọlé lè rí ọ̀nà jáde.

Ibi iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti rí àṣìṣe àwọn tí ó ti tún ọkọ̀ náà ṣe ṣáájú. Wọ́n ti kun ara alumíníọ̀mù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dán; ṣùgbọ́n ọ̀dà dúdú tó ki bí ọ̀dà títì ni wọ́n tẹ́ lé ṣáásì lórí, láìha ìpẹtà rẹ̀. Ọ̀dà náà ti sán, omi ti gba ojú sísán rẹ̀ wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ọkọ̀ náà kò di tuntun. Ajórin sọ fún Hajia láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé àwọn apá irin ẹ̀yìn yóò béèrè tiwọn láàárín ọdún díẹ̀. Ó wá kọ́ awakọ̀ ní nǹkan mẹ́ta: kí ó máa rọ epo kún táǹkì nígbà òjò bí ọkọ̀ bá fẹ́ sùn pẹ́, kí ó máa fi omi fọ eruku ọyẹ́ kúrò lábẹ́ ọkọ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí ó má sì jẹ́ kí àwọn ihò ìsàlẹ̀ ṣáásì dí. Hajia ní tirẹ̀ béèrè ohun kan ṣoṣo kí ó tó san owó. Ó ní kí ajórin ta òòlù kékeré náà fún òun.