Ikú Tí A Ń Pè Ní Òjijì

Ní Ọ̀jọ́, Ìba àti Okokomáíkò, bí ẹni tí ara rẹ̀ le bá ṣubú lójijì, kíá ni a ó sọ pé ọ̀tá ló fi nǹkan ta á. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ilé sọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ń ṣòwò ní ọjà Àlàbá, fọwọ́ di àyà mú, tí wọ́n sì papò dà. Dókítà ní òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn ló dí.

Ọ̀rá yìí kì í kàn lẹ̀ mọ́ òpó bí ìdọ̀tí inú gọ́tà. Inú ògiri òpó gan-an ni ó ń wọ̀, pàápàá níbi tí ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá tàbí ìtọ̀ ṣúgà bá ti ṣe é léṣe. Ibẹ̀ á wú, á sì le. Lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, ọ̀nà á dí. Dídí yẹn nìkan ni òjijì. Ọdún púpọ̀ ni ìyókù gbà.

Ní 1953, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa òkú ọmọ ogun 300 tí wọ́n yẹ̀ wò ní ogun Korea. Bí ọmọ ọdún 22 ni wọ́n, síbẹ̀ àmì àrùn yìí wà lára èyí tó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn lọ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àwa ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kí a dín oúnjẹ dídín kù, kí a máa fẹsẹ̀ rìn, kí a sá fún sìgá. Kí ẹ̀yin òbí sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà, àmín.