Àkísà ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ ìránṣọ jẹ

Ohun tí a fi owó rà, bí ó bá bàjẹ́, owó náà ni a ó tún fi rà á. Ṣùgbọ́n ìró ìyá ẹni tí ó ti di olóògbé, ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á? Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń yí lọ́kàn obìnrin aránṣọ kan, ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Louis, ní Libreville, olú-ìlú Gabon, lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ gbá igun aṣọ náà mú, tí ó fà á wọ ìsàlẹ̀, tí ó sì jẹ ẹ́ wómúwómú.

Louis ní ìtàn. Ọba Mpongwe kan, Anguilé Ré-Dowé, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Louis, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò náà. Òun ni ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Faransé ní 1842. Ibẹ̀ ni ìyá obìnrin yìí ti ń ta aṣọ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ. Ní oṣù kìíní 1977, àwọn jagunjagun tí wọ́n fi owó háyà kọlu Cotonou, ìjọba Benin sì ka Gabon mọ́ àwọn tí ó wà lẹ́yìn wọn. Ìjà náà ń le sí i, títí Ààrẹ Omar Bongo fi pàṣẹ ní 1978 pé kí àwọn ọmọ Benin kó jáde ní Gabon. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n kó padà sílé. Ìyá náà fa ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ́wọ́. Nínú gbogbo ẹrù aṣọ tí ó ní, ìró ankara kan tí ó ró sídìí ni ó bá a délé.

Ọdún gorí ọdún. Ọmọ náà kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó padà sí Louis, ó sì bí ìbejì síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà ń múra àtilọ kàwé sí òkè òkun, ìyá àgbà tí wọn kò mọ̀ dáadáa ti kú, ìró yẹn nìkan ni ó kù. Ni ìyá wọn bá pinnu láti gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó fi ègé aṣọ mìíràn há a láàárín, kí ó sì rán an pọ̀ di aṣọ ìbora méjì. Irú iṣẹ́ báyìí kò ṣàjèjì sí ọmọ adúláwọ̀. Ní 1942, ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, Missouri Pettway fi aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tí ó kú rán aṣọ ìbora.

Ibi tí ìró náà ti gbó, ó gé e dànù. Èyí tí ó kù jẹ́ 60 ègé: 30 fún Táíwò, 30 fún Kẹ́hìndé. Kò sí ẹyọ kan lé, bẹ́ẹ̀ a kì í rẹ́ ọ̀kan jẹ nínú ìbejì.

Ègé kẹta ni ẹ̀rọ náà jẹ. Ó tú u, ó mú òmíràn, ẹ̀rọ tún jẹ ẹ́. Ó dáwọ́ dúró, ó sì lọ pe bàbá aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀rọ yìí. Aṣọ màmá mi ni ó ń jẹ o."

Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì, ebi ni ó ń pa á. O kò kọ́kọ́ fún un ní àkísà."

Ó ṣí irin pẹlẹbẹ tí ó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì gbá ìdọ̀tí òwú tí ó dí eyín ẹ̀rọ kúrò. Ó yọ abẹ́rẹ́: nọ́ńbà 16 ni, èyí tí ó ti fi rán aṣọ nípọn títí ó fi kújú. Abẹ́rẹ́ tí ó kújú kì í gún aṣọ bọ̀rọ̀, ṣe ni ó ń tì í wọ inú ihò. Bàbá fi nọ́ńbà 12 tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ dúdú àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ yí kì í sábà jẹ aṣọ báyìí, nítorí pé ihò róbótó kékeré ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ̀rọ tí ń rán wọ́gọwọ̀gọ ni ihò tirẹ̀ fẹ̀, kí abẹ́rẹ́ lè yà sọ́tùn-ún yà sósì. Igun aṣọ a sì máa jìn sínú rẹ̀. Wọ́n ń ta irin pẹlẹbẹ oníhò kékeré fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lò ó gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí ó tó rán wọ́gọwọ̀gọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, abẹ́rẹ́ yóò ṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè kí ó tó ki òwú, nítorí pé òwú tí a kì nígbà tí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ kì í wọ ibi tí ó ti ń le, yóò sì ta kókó sábẹ́ aṣọ. Ó fa òwú ìsàlẹ̀ jáde, ó di òwú méjèèjì mú sẹ́yìn, ó sì rán àkísà kékeré kan títí dé etí rẹ̀. Kò já òwú. Ó ti ègé ìró náà mọ́ ọn lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí, ó sì ń rán lọ. Ẹ̀rọ kò rí igun kankan gbé mì, nítorí òwú ti ní ohun tí ó dì mú. Ègé kejì tẹ̀lé e, ẹ̀kẹta tẹ̀lé e, wọ́n so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Àkísà ni ó tún fi parí rẹ̀, kí ó lè wà níbẹ̀ de ègé tí ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀bẹ já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ìbejì jókòó, ó ń rán an títí ilẹ̀ fi ṣú. Ègé méjì tí ẹ̀rọ ti jẹ ni ó ṣẹ́kù. Ó fi ọwọ́ lẹ̀ wọ́n, ó sì rán ọ̀kan mọ́ aṣọ Táíwò, ọ̀kan mọ́ ti Kẹ́hìndé. Àpá kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ má ṣe da gbogbo àkísà yín sí ààtàn. Òun ni ó gba ìró ìyá sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ ní Louis.