Ó Ń Lọ, Kò Lọ

Ní alẹ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n màmá mi pè mí láti Ayétòrò. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Tíṣà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí di òní. Mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyẹn ti rí iṣẹ́ mi?"

Mo ní, "Rárá, sà."

"Mo ti fi ránṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé."

Mo ní nẹ́tíwọọ̀kì ni, kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un ṣe. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo sọ fún ẹni tá a jọ ń gbé yàrá pé àwọn àgbà yìí, bí wọ́n bá ń tẹ ojú fóònù, àfi bí ẹni tó ń lu òǹtẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ẹ̀ka wa ní sáà tó kọjá á rántí ìpè tá a ṣe pé kí àwọn ènìyàn kọ ìtàn ìlú wọn ránṣẹ́ sí wa. A ní kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Òbí, ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, gbogbo wọn ló lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kí wọ́n sì fi àmì sí i. Èmi ni mo ṣe fọ́ọ̀mù tí wọ́n á fi fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Kì í ṣe pé mo kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbì kan; mo kàn máa ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ń da èyí pọ̀ mọ́ ìyẹn, ni wọ́n bá fi mí ṣe olùtọ́jú ìkànnì. Fọ́ọ̀mù náà kò le: orúkọ, ìlú, àpótí ńlá tí wọ́n á kọ ìtàn sí, àti bọ́tìnnì kan nísàlẹ̀. Bí ènìyàn bá ti tẹ bọ́tìnnì náà, ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ á yí padà sí "Ó ń lọ…". Ó wù mí gan-an nígbà tí mo ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, iṣẹ́ mẹ́fà péré ló wọlé. Google Analytics tó ń bá wa ka àwọn àlejò ìkànnì ní ojú ìwé fọ́ọ̀mù náà ń rí èrò dáadáa. Wọ́n ń dé ibẹ̀, wọ́n ń pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń lọ. Nínú ìpàdé olóòtú, a fẹnu kò pé ọ̀lẹ ni àwọn ènìyàn wa, pé wọ́n fẹ́ ka Yorùbá, wọn ò fẹ́ kọ ọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ká yọ ọ̀rọ̀ àmì kúrò nínú ìpè náà, bóyá òun ló ń lé wọn. Kò mọ bí òun ṣe sún mọ́ òótọ́ tó.

Ohun tí kò yé mi nígbà náà ni ibi tí àṣìṣe JavaScript ti ń ṣẹlẹ̀. Inú fóònù ẹni tó ń lo ìkànnì ló ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Bí kóòdù bá kọsẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi, mo lè ṣí console kí n rí ọ̀rọ̀ pupa tó máa sọ ibi tó ti kọsẹ̀. Lórí fóònù Bàbá Tíṣà, kò sí ọ̀rọ̀ pupa kankan. Kóòdù á kú sójú kan, bọ́tìnnì á wà bó ṣe wà, ẹni tó ni fóònù á sì dá nẹ́tíwọọ̀kì lẹ́bi tàbí kó dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Analytics ní tirẹ̀ dà bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọjà tó ń ka orí: ó mọ iye ẹni tó wọlé, kò mọ ẹni tó yọ̀ ṣubú nídìí ìsọ̀ elépo.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìpè kẹta wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn wọn ti rọlẹ̀. Wọ́n ní, "Bí iṣẹ́ náà ò bá dára tó, ẹ kúkú sọ ọ́. Mi ò ní bínú. Èmi náà ti máàkì iṣẹ́ ọmọ rí, mo sì ti sọ fún ọmọ rí pé tirẹ̀ ò dára." Mo búra fún wọn pé a ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kò burú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbà nílé mọ irú "kò burú" yẹn.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí Analytics ṣe lè máa bá mi gbọ́ àṣìṣe. Ọ̀nà wà. Browser fúnra rẹ̀ máa ń kéde àṣìṣe tí kóòdù kankan kò bá mú. Ohun tó kù ni kí ènìyàn fi window.addEventListener('error') tẹ́tí sí i, kó sì fi ohun tó gbọ́ ránṣẹ́ sí Analytics. Àlàyé tí mo kọ́kọ́ rí, ga('send', 'exception') ló lò. Mo dà á kọ, mo dúró, kò sí nǹkan kan. Ó gbà mí ní wákàtí méjì kí n tó kíyè sí i pé ti Universal Analytics àtijọ́ ni, èyí tí Google ti dá dúró láti July 1, 2023. Nínú GA4 tó rọ́pò rẹ̀, gtag ni wọ́n ń lò: ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní exception, pẹ̀lú description tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àti fatal tó ń sọ bóyá ohun náà ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Description ọ̀hún kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 100 lọ, nítorí náà mo gé e, mo sì fi nọ́ńbà ìlà kóòdù ṣáájú rẹ̀. Mo kọ̀ láti fi ohun tí ẹnikẹ́ni kọ sínú fọ́ọ̀mù kún un. Google kò fẹ́ kí orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù ènìyàn wọ Analytics, ká tiẹ̀ ní wọ́n fẹ́ ẹ pàápàá, ta ló rán mi níṣẹ́?

Àìmọ̀kan mi ò tíì tán. Kí description tó lè hàn nínú ìjábọ̀, ènìyàn ní láti kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi custom dimension, kì í sì í ka ti ẹ̀yìn. Mi ò mọ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń wo iye àṣìṣe tó ń gòkè, 5, 8, 11, láì mọ ohun tí ìkankan nínú wọn ń sọ.

Nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ tán tí ọ̀rọ̀ wá ń wọlé, gbólóhùn kan náà ló ń tò wálẹ̀: Script error. Ó parí. Kò sọ fáìlì, ìlà tó sì kọ ni òdo. Ó dà bí ìgbà tí aládùúgbò kígbe lóru, tó o sáré jáde, tó o bi í pé kí ló dé, tó wá ní, "Ariwo ni."

Ìdí rẹ̀ ni pé fáìlì JavaScript wa kò sí lórí àdírẹ́sì kan náà pẹ̀lú ìkànnì. Mo ti gbé e sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń gba fáìlì lọ́fẹ̀ẹ́. Browser kì í sì í jẹ́ kí ojú ìwé kan gbọ́ àlàyé àṣìṣe fáìlì tó ti ilé ẹlòmíràn wá, kí ìkànnì kan má baà fọgbọ́n yọ àṣírí òmíràn. Mo ní láti fi crossorigin="anonymous" sídìí script náà, kí ibi tí fáìlì wà sì fọwọ́ sí i nípa fífi Access-Control-Allow-Origin ránṣẹ́. Ó ṣe tán, tiwa fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ gidi dé: InvalidCharacterError, Failed to execute 'btoa', ìlà 88.

Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nípa btoa ni pé mo dà á kọ láti inú àpẹẹrẹ kan, pé òun ló ń di ọ̀rọ̀ lẹ́rù kó tó gba ọ̀nà server. Mo ṣí fọ́ọ̀mù, mo kọ "Ade", mo kọ "test test" sínú àpótí ìtàn bí mo ṣe máa ń ṣe, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó lọ. Mo tún un ṣe. Ó lọ. Mo jókòó pa. Nígbà tó yá, mo ní kí n kọ orúkọ Bàbá Tíṣà gan-an, bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń kọ ọ́, Ọ̀ ńlá níwájú pẹ̀lú àmì rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Bọ́tìnnì yí padà sí "Ó ń lọ…". Ó wà bẹ́ẹ̀. Mo lọ pọn omi, mo padà dé, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Btoa kò mọ lẹ́tà kankan yàtọ̀ sí 256 tó wà nínú Latin1, àkójọ tí wọ́n tò fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. À àti é wà níbẹ̀, Faransé ń lò wọ́n, nítorí náà "Adé" á kọjá. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Nínú Unicode, U+1EB9 ni ẹ, U+1ECD ni ọ, U+1E63 ni ṣ. Wọ́n jìnnà réré sí odi ìlú Latin1. Ɛ àti ɔ tí àwọn ará Kétu ní òdì kejì ibodè fi ń kọ Yorùbá tiwọn, ibẹ̀ náà ni wọn ì bá há sí. Bí btoa bá sì ti kan ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, kì í fò ó, kì í pààrọ̀ rẹ̀. Á figbe ta, gbogbo ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e á dúró.

Mo wá lọ ṣí iṣẹ́ mẹ́fà tó wọlé. Kò sí àmì lábẹ́ lẹ́tà kankan nínú gbogbo wọn, láti òkè dé ilẹ̀. A ti bú wọn nípàdé nítorí rẹ̀. A ti ní àwọn tó kọ ọ́ ò bọ̀wọ̀ fún èdè. Àwọn tó bọ̀wọ̀ fún un, tí wọ́n fara balẹ̀ tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi yọ, àwọn gan-an ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo yọ btoa kúrò, mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa lọ bíi JSON ní UTF-8, èyí tó gba gbogbo lẹ́tà. Mo jẹ́ kí fóònù máa tọ́jú ohun tí ènìyàn bá ń kọ, kó má baà ṣòfò. Mo tún kọ ọ́ pé bí nǹkan bá kọsẹ̀, kí bọ́tìnnì jẹ́wọ́: "Kò lọ." Àṣìṣe kan ṣì ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti orí àwọn fóònù àtijọ́ tí kò mọ àmì ?. nínú kóòdù, èyí tí Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ní 2020. Mo yọ ìyẹn náà. A fi ọ̀sẹ̀ méjì kún àkókò, a bẹ gbogbo ayé. Àwọn kan padà wá. Àwọn tó kù, Analytics kò mọ orúkọ wọn, èmi náà ò sì lè mọ̀ ọ́n.

Mi ò lè sọ ti Bàbá Tíṣà lórí fóònù. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ mọ́tò ní Abẹ́òkúta lọ sí Ayétòrò, Ayétòrò ti Yewa o, kì í ṣe ti etí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ. Lójú ọ̀nà, "Aiyetoro" ló ṣì wà lára ọ̀pọ̀ pátákó. Bàbá Tíṣà máa ń sọ pé láti 1974 ni àkọtọ́ tuntun ti yọ i kúrò nínú "aiye", pé wọn ò kàn tíì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kun pátákó ni.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo ṣàlàyé. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ó túmọ̀ sí pé ká ní mi ò fi àmì sí i, ì bá ti lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀yin lẹ ní ká fi àmì sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Orí fóònù ní tààrà ni wọ́n ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò ní ẹ̀dà kankan. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá tún un kọ ló ń kúrú sí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ọjà àti ti oko ẹ̀gẹ́ bàbá wọn ti jáde pátápátá, ó ku bí wọ́n ṣe wọ iléèwé nìkan. Wọ́n wá wọ yàrá, wọ́n mú ìwé àjákọ kan jáde. Lẹ́yìn ìpè kẹta yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò kọ ọ́, kì í ṣe fún wa, fún àwọn ọmọ ọmọ wọn ni. Wọ́n ní, "Ìwọ tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wo àmì. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti dá mi padà. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì, ó yí padà sí "Ó ń lọ…", lẹ́yìn náà ó di "Ó ti dé."

"Ṣé ó lọ?"

"Ó ti dé, sà."

"Pe ẹnì kan níbẹ̀ kó wò ó."

Mo pe olóòtú wa, mo fi fóònù sí speaker. Ó kí wọn, ó wá iṣẹ́ náà rí, ó ka ìlà àkọ́kọ́ fún wọn. Wọ́n ní kó ka ìkejì.