Nọ́ọ̀tì tí kò le, ẹ̀mí ló ń gbà: Ohun tí ojú ń rí nídìí iṣẹ́ táyà ní Kabba

Ẹni tó bá ti Lọ́kọ́ja gba Ọbájànà lọ sí Kabba, á rí i pé bí òun ṣe ń sún mọ́ ìlú náà ni òkè ń pọ̀ sí i lọ́tùn-ún lósì. Àfi gbàrà tí ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ilẹ̀ Owé nìyẹn, níbi tí Ọbaro ti ń jọba, tí wọ́n á ti kí àlejò pé "Òkun o." Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí á máa wò pé òkun wo nìyí láàárín òkè. Ìkíni wọn ni o, òun náà ló sì di orúkọ tí gbogbo wọn ń jẹ́ pọ̀, àtOwé, àtÌjùmú, àti Bùnú, àti Yàgbà, àtỌ̀wọ́rọ̀. Ìpínlẹ̀ Kwara ni Kabba wà tẹ́lẹ̀, kó tó di August 27, 1991 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀.

Ọ̀nà ló sọ Kabba di ohun tó dà. Ọ̀kan wá láti Lọ́kọ́ja, ọ̀kan lọ sí Okene, ọ̀kan dorí kọ Òmùò-Èkìtì, ọ̀kan sì gba Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Ẹni tó kó iṣu ń kọjá, ẹni tó kó kòkó ń kọjá, tírélà tó kó sìmẹ́ǹtì Dangote láti Ọbájànà náà ń kọjá. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà Ọbájànà sí Kabba, kìlómítà 43 gbáko, kì í ṣe ọ̀dà. Ibi tí ọ̀nà bá sì ti pàdé báyìí, ẹ má wulẹ̀ béèrè bóyá fọganáísà wà níbẹ̀. Táyà àlòkù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ létí títì ni pátákó ìpolówó wọn.

Irinṣẹ́ wọn kò pọ̀. Jáàkì ni, wíìlì sípánà ni, òkúta ńlá tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró kó má baà yí ni, àti páìpù gígùn kan. Páìpù yẹn gan-an ni ọ̀gá. Bí nọ́ọ̀tì bá ti dìpẹtà, tó kọ̀ tí kò tú, wọ́n á ki páìpù bọ ẹnu sípánà, apá á gùn sí i, agbára á pọ̀ sí i. Bó bá ṣì ṣe oríkunkun, ọmọṣẹ́ á gun páìpù lé, á máa fò lórí ẹ̀ bí ẹni ń jó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tú u. Ṣùgbọ́n wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀nà kan náà ni àwọn mìíràn ń gbà dè é padà.

Ìyẹn kò dáa rárá. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá fi ìfò dè, bóòtù rẹ̀ lè nà ju bó ṣe yẹ lọ, ìgbà tí kò sì sẹ́ni tó ń wò ó ló máa já. Èyí tí wọn kò bá dè dáadáa, gbígbọ̀n ọ̀nà á máa tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó bá yọ lórí eré kò mọ awakọ̀, kò mọ ẹni tó ń tajà létí títì. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko.

Àwọn tó bá dàgbà nínú iṣẹ́ náà mọ̀ pé agbára nìkan kọ́. Láyé bọ́lẹ̀kájà, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rin apá òsì ní Nàìjíríà kó tó di April 2, 1972, Bedford ló ń kó èrò àti ẹrù káàkiri. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ apá òsì wọn kì í tú bíi ti ọ̀tún. Ibi tí èèyàn rò pé òun ń tú u sí, ibẹ̀ gan-an ló ti ń le. Ọmọṣẹ́ tí wọn kò bá sọ fún á gun páìpù títí, á já bóòtù dànù, ọ̀gá á sì gbá a létí.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ayé ìgbà yẹn tún wá ní tiwọn. Jaguar E-Type tó jáde lọ́dún 1961 àti MGB tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1962, ẹsẹ̀ onísípóòkù làwọn kan nínú wọn ń lò, bíi ti kẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin tàbí márùn-ún kọ́ ló dì í mú o. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo ni, ó wà láàárín gbùngbùn, ó sì ní etí méjì tó yọ síta. Òòlù ni wọ́n fi ń gbá etí náà kó tó tú, òòlù ni wọ́n sì fi ń dè é. Kì í ṣe òòlù irin o. Òòlù òjé tàbí ti bàbà ni, nítorí irin á ba etí nọ́ọ̀tì jẹ́. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń gbẹ́ igi tó bá etí méjèèjì mu, wọ́n á gbé e lé e, wọ́n á wá fi òòlù lu igi náà.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: nọ́ọ̀tì apá òsì ọkọ̀ náà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yí i sí kó tó le. Ti apá ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó lè jẹ́ pé bí ọkọ̀ ṣe ń lọ síwájú ni nọ́ọ̀tì ń fún ara rẹ̀ le. Bí mẹkáníìkì bá ṣèèṣì gbé họ́ọ̀bù ọ̀tún pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀ sí òsì, bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni nọ́ọ̀tì á máa tú ara rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1968, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní àwọn kò fẹ́ etí náà mọ́ lára ọkọ̀ tuntun, nítorí ohun tó bá yọ síta lára ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè ṣe ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn léṣe. Nọ́ọ̀tì onígun mẹ́jọ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ṣe sípánà ńlá tó bá a mu.

Ta ló wá mú irú ẹsẹ̀ yẹn gbajúmọ̀? Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ni. Rudge-Whitworth tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ní ìlú Coventry ló ń ṣe é fún ọkọ̀, Raleigh tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dunjú ló sì ra iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Rudge lọ́dún 1943. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní abúlé kan ní Bùnú fi lè mọ ohun tí ẹni tó ń tọ́jú Jaguar ní London mọ̀. Á fi irin kan sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan, á dẹ etí sílẹ̀. Èyí tó le á dún gooro, èyí tó dẹ̀ á dún pọ̀. Á wá fi sípánà kékeré fún èyí tó dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà wò, títí tí kò fi ní í wọ́ sọ́tùn-ún sósì mọ́.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè kan ló ń bi ẹni tó bá dúró ní Kabba pààrọ̀ táyà: ṣé ẹ ń wo ọwọ́ ẹni tó ń bá yín dè é, àbí ẹ ti lọ jókòó sídìí iyán? Ẹ rí i pé ó nu ìdọ̀tí àti ìpẹtà kúrò níbi tí rìmù ti fẹ́ jókòó. Ẹ rí i pé ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé, kó tó mú sípánà. Kó má ṣe dè wọ́n tẹ̀lé ara wọn yíká; bó bá de tòkè, kó bọ́ sí tìsàlẹ̀ tó dojú kọ ọ́, kí rìmù lè jókòó dọ́gba. Bí jáàkì bá sọ̀ kalẹ̀ tán, kó tún wọn dè lẹ́ẹ̀kan sí i. Páìpù gígùn, kó fi tú u, kó má fi dè é.

Èyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í ṣe ló kù. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè máa ń dẹ̀ díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti rìn, ó sì yẹ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò láàárín àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ẹni tó pààrọ̀ táyà ní Kabba tó ń lọ sí Lọ́kọ́ja, kó yà dúró bó bá dé Ọbájànà. Kó mú sípánà rẹ̀, kó fún wọn wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní í jẹ́ kí ọjà Lọ́kọ́ja tú.