Òjò Bá Wa ní Ààfin Fíìmù

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ilé ìwé wọlé, a gbéra ní Zongo, a lọ sí Ṣakí fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan. Ènìyàn méje ni wá: àwa òbí méjèèjì, ìyá wa àgbà, àwọn ọmọ wa mẹ́ta, àti ọmọkùnrin kan tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ọ̀rẹ́ àkọ́bí wa láti kékeré. Ìbàrìbá ni ọmọ náà. Ó gbọ́ Yorùbá nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni ó ti máa ń jẹun àárọ̀. Àkọ́bí wa sì gbọ́ èdè Ìbàrìbá nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni òun náà ti máa ń jẹun alẹ́. Ẹni tí ó bá mọ Zongo kò ní béèrè bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ ka ìgbéyàwó náà sí. Ìgbójàyè ni ọkàn wọn wà. Ìlú yìí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ní Òkè-Ògùn kan náà tí Ṣakí wà, ibẹ̀ sì ni Kúnlé Afọláyan kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí, KAP Film Village, níbi tí ó ti ya Aníkúlápó, fíìmù tí Netflix gbé jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ fíìmù parí, wọn kò wó àwọn ilé náà. Ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́ tí ènìyàn lè sanwó wọ̀, tí ó sì lè sùn sí.

Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tí àwọn ọmọ wa ti wo fíìmù yìí ní pálọ̀ wa. Wọn a máa fi etí gbọ́ Yorùbá, wọn a máa fi ojú ka Faransé nísàlẹ̀ àwòrán, bí ọ̀rọ̀ bá sì jinlẹ̀ jù, ìyá àgbà ni wọn a bi. Fún ẹni tí kò tíì wò ó: Sàró, ahunṣọ kan, wá iṣẹ́ dé Ọ̀yọ́, òun àti Arólákẹ́, ìyàwó kékeré Aláàfin, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n lù ú pa, ẹyẹ Àkàlà jí i dìde, agbára àti jí òkú sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìgbéraga ni ó ba ìyókù jẹ́. Kúnlé Rẹ̀mí ni ó ṣe Sàró, Bímbọ́ Adémóyè ni ó ṣe Arólákẹ́. Ní ti ìyá wa, bàbá Kúnlé ni òun mọ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Adé Love, tí ó ṣe Kádàrá. Ó ní òun ti ń wo bàbá kí wọ́n tó bí ọmọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ kí a tó dé Ìgbójàyè. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, bí a ti ń jẹun lọ́wọ́, àgbàlagbà kan nínú ẹbí wo ọmọ aládùúgbò wa, ó sì béèrè lójú rẹ̀ pé kí ni Ìbàrìbá wá ṣe nínú tiwa. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò fèsì, nítorí àgbà ni. Láti ìgbà náà ni ọmọ náà kò ti sọ̀rọ̀ mọ́, àfi bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ó sì dùn wá jù ni pé, ní Parakou, nígbà tí àwọn ọmọ kan ní kíláàsì pe àkọ́bí wa ní étranger, tí wọ́n ní kí ó padà sí Nàìjíríà rẹ̀, ọmọ yìí ni ó dìde jà fún un.

Òjò ti ń ṣú láti ìdájí. Kí a tó rin ìdajì ọ̀nà, ọkọ̀ tí a háyà rì sínú ẹrẹ̀. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀ láti tì í. Ìyá àgbà nìkan ni ó jókòó sínú rẹ̀, tí ó ń pàṣẹ fún wa bí ọ̀gágun. Nígbà tí a fi máa dé ẹnu ọ̀nà abúlé náà, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún wa, òjò gidi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀.

Agboòrùn kan ṣoṣo ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mú wa káàkiri ní lọ́wọ́. Ó fi fún ìyá wa, òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀rá borí. Bí ó ti ń sáré ni ó ń nàka: ibí ni wọ́n ti ya èyí, ọ̀hún ni wọ́n ti ya tọ̀hún. Àwọn ọmọ ń sáré tẹ̀ lé e láàárín àwọn ilé alámọ̀, omi ń dà lára òrùlé koríko bí aṣọ títa. Wọn kò lè yọ fóònù ya àwòrán. Àbíkẹ́yìn wa ń pe orúkọ Àkàlà sókè bóyá ẹyẹ náà yóò jáde. Adìyẹ kan tí òjò pa ni ó dá a lóhùn. Níkẹyìn, a sá sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin, ibẹ̀ ni a sì wà fún wákàtí méjì gbáko.

Ìyá wa kò jókòó. Ó fi ọwọ́ kan ògiri, ó wo òkè àjà, ó wọ yàrá kan, ó tún jáde. Ó ní ilé náà dára, ẹni tí ó kọ́ ọ mọ ilé, ṣùgbọ́n kò sí èéfín lára òrùlé. Ó ní nínú ilé bàbá òun ní Ṣakí, òrùlé dúdú bí ìdí ìkòkò, nítorí pé wọ́n ń dáná lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, bíi Sàró. Òun ni ó kó aṣọ òkè wá sí Parakou kí rélùweè tó dé ibẹ̀ ní ọdún 1936, tí kò sì padà mọ́. Àwọn ọmọ wa kò tíì gbọ́ èyí rí. Àwa náà kò gbọ́ ti àárọ̀ àti èéfín rí.

Ìgbà náà ni ọmọ aládùúgbò wa la ẹnu. Ó ti rí ẹṣin àti kàkàkí níbi àjọ̀dún Gaani ní Nikki, ó mọ bí ààfin ṣe ń rí. Ó béèrè pé, “Bàbá, ní ayé Ọ̀yọ́ yẹn, níbo ni àwọn èèyàn tèmi wà?”

Ó ti tó ogún ọdún tí àwa ti ń kọ́ni ní ìtàn ní líséè. A lè ka àwọn ọba Faransé láti Louis kan dé Louis kejì láìwo ìwé. Ìbéèrè yìí, kò sẹ́ni tó bi wá rí. A fi ara ti òpó, a sì bẹ̀rẹ̀.

A ní ní ayé Aláàfin Onígbogí, àwọn Tápà kó Ọ̀yọ́-Ilé, ọba sì sá àsálà. Ilẹ̀ Ìbàrìbá ni ó sá sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbà á. Àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ni ó padà wá tẹ Ìgbòho dó, kí Aláàfin tó tún padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ó wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. A ní lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, láàárín ọdún 1830 sí 1840, nígbà tí Ìlọrin fún Ọ̀yọ́ lọ́rùn, Aláàfin Olúewu ránṣẹ́ sí àwọn ọba Ìbàrìbá pé kí wọ́n gba òun. Sero Kpera, ọba Nikki, kó ogun rẹ̀ wá. Ogun Elédùwẹ̀ ni Yorùbá ń pè é. Johnson kọ ọ́ pé àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ kan fúnra wọn ni ó dalẹ̀. Ọba Nikki kú sí ogun náà, Olúewu náà kú, Ọ̀yọ́-Ilé sì tú.

“Nítorí Ọ̀yọ́ ni ó ṣe kú?”

A ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ náà yíjú sí àkọ́bí wa, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún un ní èdè Ìbàrìbá. Àkọ́bí wa fi èjìká gbún un. A kò bi wọ́n ní ohun tí ó sọ. Ọmọbìnrin wa ní tirẹ̀ ń bínú pé kí ló dé tí a kò mú wọn lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé gan-an dípò ibí. A ṣàlàyé pé inú igbó ni ó wà, nínú Old Oyo National Park tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, pé kò sí ààfin níbẹ̀ mọ́, àfi àlàpà àti òkúta. Ó ní ìyẹn náà ni òun fẹ́ rí. A ṣe ìlérí fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Ìgbójàyè dúró de ẹ̀ẹ̀rùn bákan náà, kí ó ṣẹ́ sẹ́fà rẹ̀ sí náírà kí ó tó kúrò ní ẹnubodè, bí ó bá sì mú ọmọ ọlọ́mọ dání, kí ó gba ìwé lọ́wọ́ àwọn òbí ọmọ náà. A gba tiwa, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ìgbà mẹ́ta.

Òjò dá díẹ̀ kí ó tó di ìrun Alásárì. Nínú ọkọ̀, ọmọ náà ni ó sọ̀rọ̀ jù títí a fi dé Ṣakí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ bá àgbàlagbà ọjọ́sí níbi tí ó jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n sọ ìtàn Elédùwẹ̀ fún òun. Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n gbé àga fún un.

Nígbà tí a padà dé Zongo, bàbá bàbá rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní a kò pe orúkọ ọba náà dáadáa, ó sì pè é fún wa títí ahọ́n wa fi mọ̀ ọ́n. Ó ní Gaani tí ń bọ̀, gbogbo ilé wa ni yóò bá òun lọ sí Nikki. Ìyá wa ti ń béèrè ọjọ́.